Yànmọ̀tí Ìyá Mi

Mo ń ti ọsibítù bọ̀ pẹ̀lú oyún mi, ó ti rẹ̀ mí, nígbà tí òórùn yànmọ̀tí yíyan dá mi dúró ní Sábó.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyá àgbà gún un mọ́ iyọ̀ fún ìyá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi.

"Jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ ló ń fún èèyàn."

Bí ìyá àgbà ṣe jáde, ìyá mi ń fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, bíi pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ti yó. Mo lá abọ́ náà.

Òní tí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo jẹ.

Mo ra díẹ̀. Nílé, ọmọbìnrin mi ya ẹnu, mo sì bù ú sí i lẹ́nu.

"Màámi, ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo ní mo ti yó.