Ẹ̀rọ Gèèmù Tuntun tí Ọkọ Mi Fi Alùpùpù Rà

Mo rántí ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù wa ní Kétu máa ń rùn bí ike tó gbóná. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tí mo tan àwọn ẹ̀rọ gèèmù wa, kì í pẹ́ tí ooru wọn fi ń gba inú yàrá kékeré náà, èmi á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa fi páálí fẹ́ ara mi. Ọkọ mi ló rà wọ́n ní Kútọnu, ṣùgbọ́n òun ń fi alùpùpù gbé èrò lọ sí ẹnubodè Nàìjíríà, èmi ni mo jókòó ti gèèmù, tí mo ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń wá gbá bọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ẹ̀rọ yẹn bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka díísìkì, wọ́n á máa kùn bí ẹni tí òtútù mú. Èèyàn lè lọ bu omi mu kó tó di pé eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù inú wọn kò ní ojú gidi, ìka ọwọ́ wọn sì lẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí kúráàn, ìyẹn iná mànàmáná, bá lọ tó tún padà dé, wọ́n á dìde, wọ́n á máa báṣẹ́ lọ.

Àbúrò ọkọ mi, tó ń tajà ní Kútọnu, ló gbé ẹ̀rọ gèèmù tuntun kan wá fi hàn wá ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó fi tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan sí wọn, ó sì fi bọ́ọ̀lù sínú méjèèjì.

“Ìyàwó wa, ẹ wò ó dáadáa o,” ló wí.

Ṣọ́ọ̀bù kún débi pé àwọn kan ń yọjú lójú fèrèsé. Kí ẹ̀rọ àtijọ́ tó kùn tán, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé nínú tuntun. Koríko pápá rẹ̀ ń mì, òógùn ń ṣàn lójú àwọn agbábọ́ọ̀lù, kálukú àwọn òǹwòran ń yí orí tirẹ̀. Nínú ti àtijọ́, òǹwòran dà bí àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bàbá ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, wò ó títí, ó ní, “Ṣé kì í ṣe bọ́ọ̀lù kan náà nìyí?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, nítorí mo rò pé ojú mi ti là.

Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èrò tú ká, ó ní òun á ta alùpùpù, òun á sì ta àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́ ọn.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, alùpùpù yẹn la fi ń jẹun.”

“Tuntun ni wọ́n ń fẹ́. Bí a ò bá rà á, ẹlòmíràn á rà á.”

Òótọ́ ló sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣẹ́ ẹyọ kan kù nínú ti àtijọ́, ó sì gbà. Ó ta ìyókù pẹ̀lú alùpùpù, ó sì fi owó wọn ra ẹ̀rọ tuntun kan.

Ẹ̀rọ tuntun náà gbé wa dé ibi tí a ò dé rí. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti ìletò Odomèta àti Kpankou wá. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí alùpùpù mọ́, ọkọ mi ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, a kò tíì jọ wà pa pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. A ń jẹ ẹ̀pà, a ń bú àwọn tó ń pariwo, a ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lásìkò òjò, kúráàn lọ, ó sì fi agbára padà dé. Ẹ̀rọ tuntun náà dún pó, ó dákẹ́. A gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, lọ́nà Kútọnu. Ẹni tó ń tún un ṣe tú u, ó mi orí, ó ní inú rẹ̀ ti jóná, kò sì sí ohun tí òun lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Nínú takisí tó gbé wa bọ̀, ọkọ mi gbé e sórí itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé e. Ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Kò sí alùpùpù tó máa padà sí. Ó lọ ṣe iṣẹ́ àgbàṣe lóko àwọn ẹlòmíràn ní Nàìjíríà. Bí ọdún bá dé ló ń wálé, ó sì ń rù sí i. Èmi dúró ti ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó kù. Ara rẹ̀ le, kò ṣàìsàn rí, ṣùgbọ́n àwọn tó ti fọwọ́ kan tuntun kò fẹ́ rí i mọ́. “Ìyá Ìbejì, ẹ̀rọ yín yìí ń falẹ̀ jù.” Nígbà tí àwọn ọmọdé pàápàá rí fóònù fi gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Tẹ́lẹ̀, ìlérí pé ohun tó dára jù ń bọ̀ ni mo ka ọ̀rọ̀ náà sí. Nísinsìnyí, bí mo bá gbọ́ ọ, ẹ̀yìn ẹ̀fà yẹn ló ń dùn mí.

Ọkọ mi ti padà wálé pátápátá. Oko ẹ̀gẹ́ la ń ro. Láìpẹ́ yìí, àbúrò rẹ̀ wá kí wa, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹ̀rọ tó wà lóde báyìí: kò lo díísìkì, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdúró. Mo bojú wo ọkọ mi. Ó ti gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ń bi í léèrè, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti ìgbà tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ mi. Mo fẹ́ rán an létí alùpùpù wa, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí jù. Mo lọ bu omi wá fún àwọn méjèèjì.