Ilẹ̀ Tí A Rì Ìwọ́ Ọmọ Mi Sí

Ní Gulfton, àdúgbò tí à ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, kò sí ilẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Sìmẹ́ńtì ni ẹnu ọ̀nà apartment wa, ọ̀dà ni ibi tí à ń gbé mọ́tò sí. Kò dí wa lọ́wọ́ títí ìwọ́ àkọ́bí mi fi já.

Màmá mi tó wá láti Ìsẹ́yìn wá bá mi wẹ ọmọ fi òwú wé ìwọ́ náà, wọ́n ní ibo la máa rì í sí. Ọkọ mi ní ibo kẹ̀, kí màmá gbé e dání lọ sílé baba òun ní Ṣakí, ṣebí ọdún méjì péré ló kù ká padà sílé. Èmi náà gbè é lẹ́yìn. Lójú tèmi, bí a bá rì í sí Houston, a ti fi ọmọ náà tọrẹ nìyẹn, àwa náà ò sì ní padà mọ́. Ẹ̀rù yẹn bà mí gan-an.

"Àna mi," ni màmá mi wí, "mo mọ ọdún méjì àwọn tó lọ sókè òkun. Ibi tí ọmọ bá ti máa kọ́ ìrìn ló yẹ kó ti ní ilẹ̀." Ta ló máa bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jiyàn? Ọkọ mi mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Odò kan tí wọ́n ń pè ní bayou gba àárín ìlú kọjá, ìjọba sì dá igbó kan sí létí rẹ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko. Ibẹ̀ la ti máa ń gbatẹ́gùn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ṣì ń rántí òórùn ẹrẹ̀ ibẹ̀, ariwo mọ́tò lórí freeway tí kò jìnnà, àti àwọn òyìnbó tó ń sáré láìsí ẹni tó ń lé wọn. Lékeléke kún etí omi. Bí màmá mi ṣe rí wọn báyìí, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí wọn bí a ti ń ṣe lọ́mọdé, pé kí ẹyẹ fún èékánná àwọn ní funfun. Àgbàlagbà o. Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí lẹ́yìn mi. Ọjọ́ yẹn ń wù mí títí di òní.

Màmá mi yọ ṣíbí ọbẹ̀ nínú báàgì, wọ́n gbẹ́ ìdí igi kan, wọ́n ní bisimilláà. Wọn ò tíì bò ó tán tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ igbó náà fi yọ sí wa. Ó bi wá pé kí là ń gbìn. Ó ní èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ọkọ mi tó ń fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mumi ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Báwo lo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìwọ́ ọmọ fún òyìnbó? Ó ní a ò gbin nǹkan kan, ẹyẹ la mú ọmọ wá wò.

Màmá mi ní kí n bi í, ta ló nilẹ̀. Mo bi í. Ó ní ti gbogbo èèyàn ni, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

"Ó parí," ni màmá mi wí, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ti ọmọ wa náà ni nìyẹn."

Ọkùnrin náà ní ká má gbẹ́lẹ̀ mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú bí mi. Mo ṣáájú wọn lọ sídìí mọ́tò.

Inú mi ò tíì rọ̀ tán lọ́jọ́ tí a sin màmá mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Mo ní, "Màmá, ẹ ti rì wá mọ́ ibí."

Wọ́n gbé ọmọ fún mi. "Ìwọ́ ọmọ ẹ ni mo rì síbí. Tìẹ ń bẹ lẹ́yìnkùlé mi, nídìí igi ọsàn. Láti ọjọ́ tó o ti lọ, àràárọ̀ ni mò ń gbá ibẹ̀."