Pílà Tí Bàbá Mi Rì ní Ọ̀nà Alapoti

Fàlílù Abórìṣàdé ni orúkọ bàbá mi. Ní Ṣàngó, Bàbá Pílà ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀. Òun ní í gbẹ́ ihò, òun ní í ri pílà ààlà, òpó sìmẹ́ńtì kékeré, mọ́lẹ̀ fún àwọn sọfiyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀. Ó kú ní Tọ́sìdeè tó kọjá. N ò kàwé púpọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo kọ.

Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Èkó ṣì jẹ́ olú ìlú gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba gbà á síṣẹ́ kó máa fa ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Ó mọ Èkó bí ẹni mowó. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fa ilà sórí yẹ̀pẹ̀.

"Òkun rèé. Ọ̀sà rèé. Erékùṣù tí ọba àti ìjọba jókòó lé rèé, kò ju báyìí lọ. Afárá rèé, Èbúté Mẹ́ta rèé. Máa gòkè bọ̀: Mushin, Agége, Alákukó. Ọ̀tà rèé. Omi ló gba ibi tó yẹ kí ilẹ̀ wà l'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi wà lára tiwa."

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ lọ́dún 1976, ó ní òun wà lára àwọn tó ru pílà wọ igbó láti pààlà àwa àti Èkó. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó jagun dé.

"Ẹsẹ̀ mi kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà l'Ógùn, mo sì ń tọ̀ sáàárín. Ìjọba wo ló máa mú mi?"

Lọ́dún 1991, ìjọba kó lọ sí Àbújá. Wọ́n ní kó máa bọ̀. Ó ní òun ò lọ. Ó rò pé èrò á tẹ̀lé ìjọba, Èkó á wá fúyẹ́. Ìjọba lọ, èrò ò lọ. Wọ́n ya kọjá pílà bàbá mi, wọ́n wọ ọ̀dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ dé, ṣọ́ọ̀ṣì dé, yunifásítì tẹ̀lé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku díẹ̀ kí bàbá má rójú jẹun. Ojoojúmọ́ ló ń ri pílà.

Ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni kò rì í sí. Oko kékeré ni, lọ́nà Alapoti. Pèrègún ni bàbá tó bí i gbìn sí ààlà rẹ̀. Ó ní ta ni ò mọ pèrègún? Ibẹ̀ ló sin ìyá mi, Mùíbátù, sí lọ́dún 1996. Ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Lọ́dún 2003, ìjọ kan ra ilẹ̀ tó bá oko náà pààlà, lọ́wọ́ Bàbá Oyèlọlá, olórí ẹbí wa. Wọ́n fẹ́ kọ́ yunifásítì síbẹ̀. Sọfiyọ̀ wọn, Ọ̀gá Johnson, pe bàbá síṣẹ́. Inú bàbá dùn. Ó ní òun fúnra òun á rí i pé wọn ò kan tòun.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yẹn. Bí sọfiyọ̀ bá ti gbé awò tó fi ń wo ilẹ̀ lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó fojú sí i, ẹni tó ń fa ṣéènì kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀gá ló ń wò. Bí ọwọ́ ọ̀gá bá ní ọ̀tún, ọ̀tún ni. Bàbá kò rú òfin yẹn rí. Lọ́jọ́ náà wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, wọ́n kan pèrègún. Bàbá rò pé ọ̀gá á yà, bí gbogbo sọfiyọ̀ ṣe máa ń yà. Ọ̀gá Johnson kì í ṣe ará ibí. Òdòdó ló rí. Ó fọwọ́ ṣe é pé kó gé e. Àdá wà lọ́wọ́ bàbá. Ó gé e. Ó kọjá sàréè ìyá mi, yẹ̀pẹ̀ lásán ni, ẹ̀gẹ́ ti bò ó. Ó gbẹ́ ihò, ó ri pílà sí òdì kejì.

Ìgbà tí wọ́n tú awò palẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ mi lẹ gbà kọjá yẹn."

"Bàbá Pílà, ẹ̀ ń ṣàwàdà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Awò wà lórí ẹsẹ̀."

"Háà! Pílà tiyín dà?"

"Pèrègún tí mo gé yẹn ni."

Ọ̀gá Johnson mirí. "Ibi tí ẹbí yín ní kí n gbà ni mo gbà. Ẹ lọ bá wọn."

Èmi àti bàbá mi lọ bá Bàbá Oyèlọlá. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, olórí ẹbí ò ní kó dìde.

"Fàlílù, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ gé pèrègún. Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ ri pílà. Ta ló wá jí ilẹ̀ ẹ? Ṣé kí n fi ẹ́ lé ara ẹ lọ́wọ́ ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde fúnra rẹ̀, a lọ.

Kò bá sọfiyọ̀ kankan ṣiṣẹ́ mọ́. Ìjọ náà mọ ògiri yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́rin. Ní gbogbo Jímọ̀, bó bá kírun tán, á wọkọ̀ lọ síwájú géètì wọn, á jókòó, á padà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́, kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ó bẹ ẹnì kan kó bá òun kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n ní àwọn á gbàdúrà sí i. Ó wá kọ́ mi ní iye ìgbésẹ̀ dé ibi sàréè ìyá mi títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

"Bẹ̀rẹ̀ níbi pílà tó wà nídìí géètì. Kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, igba ìgbésẹ̀. Yà sọ́tùn-ún, ogójì. Má sáré o, kí ẹsẹ̀ ẹ má baà gùn ju tèmi lọ."

Tọ́sìdeè, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ikọ́ pa á. A wẹ̀ ẹ́, a dì í sínú aṣọ funfun, a gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀bù. Èmi, Àáfà àti dẹ́rẹ́bà la lọ. Jabez tó ń ṣọ́ géètì jáde sí wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀. Àmọ́ wọn kì í sìnkú síbí. Ilé ìwé ni."

"Ilẹ̀ bàbá mi ni."

"Mo mọ̀ wọ́n. Àga mi ni wọ́n máa ń jókòó lé ní Jímọ̀." Ó wo píkọ́ọ̀bù. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin nìkan. Tí ilẹ̀ bá ṣì wà níbi tẹ́ ẹ ń sọ, màá pe ọ̀gá mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. N ò sáré. Igba. Mo yà sọ́tùn-ún. Ogójì. Ojú ọ̀dà ni. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ni. Wọ́n fi pẹ́ǹtì funfun fa ilà, mọ́tò kan wà láàárín ilà méjì. Ọmọbìnrin kan dé pẹ̀lú ìwé láyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gbé mọ́tò mi."

Mo yẹra. Ó lọ. Mo padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ náà ni.

Mo jáde. Jabez rí ojú mi, ó rọra ti géètì. Dẹ́rẹ́bà ní, "Ibo ló kù?"

Ìtẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí l'Ọ́tà ló kù. Èmi ni mo gbẹ́ ihò náà. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí a fi bò ó. N ò mọ ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, n ò mọ tòsì. Àáfà ní kí n wá pèrègún gbìn síbi orí, kí n lè dá a mọ̀.

Mo ní rárá.

Àpótí tí bàbá fi ń da pílà ṣì wà lẹ́yìn ilé. Ní Sátidé mo po sìmẹ́ńtì, mo dà á sí i. Mo fi ìṣó kọ FALILU sí i lára. Àyè ṣì kù nísàlẹ̀, sìmẹ́ńtì ò tíì gbẹ. Mo kọ MUIBATU.

Àná ni mo gbé e lọ síbi sàréè bàbá. Mo rì í jìn, bó ṣe kọ́ mi.