Ẹni Tó Ń Gbálẹ̀ Bọ̀

Mọ́níní ni gbogbo èèyàn ń pè é, àtẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àtẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà lára káàdì ibi iṣẹ́ tó máa ń so kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi pè é lójú títì, kò ní wẹ̀yìn. Iṣẹ́ títì gbígbá ló ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo títì o. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀gá wọn fún un, láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì títí dé oríta ilé búrẹ́dì, apá ọ̀tún àti apá òsì, pẹ̀lú ẹnu gọ́tà. Igi ńláńlá ló tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì máa ń wọ́wé bí ẹni pé wọ́n ń gbowó oṣù lórí ẹ̀. Ẹ gbá a láàárọ̀, kí ẹ padà wá wò ó lọ́sàn-án, ẹ ó fẹ́ sunkún. Mọ́níní kì í sunkún. "Bí igi ò bá wọ́wé, kí ni màá jẹ?" ni yóò wí, yóò sì tún gbé ìgbálẹ̀.

Ó mọ ìgbálẹ̀ dójú àmì. Ó ní bí èèyàn ṣe rí ló ṣe ń gbálẹ̀: ọ̀lẹ á máa ha ilẹ̀ bí adìyẹ, oníbìínú á máa gbá a kí eruku lè kó sójú ọmọlàkejì, ẹni tí ìfẹ́ ń pa á máa gbá ojú kan náà títí ilẹ̀ á fi bẹ̀ ẹ́. Kó sáà ti wo ipa ìgbálẹ̀ nílẹ̀, á sọ fún yín èwo nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọjá níbẹ̀, àti bóyá ìbàdí ń dun olúwarẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù sí i nílé, nítorí àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ. Ṣúmékà ni ọkùnrin náà, gbogbo àdúgbò sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó rán bàtà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, nínú ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, níbi tí wọn kì í rán agbálẹ̀ kankan dé. Ikọ́ ló kọ́kọ́ mú un. Nígbà tó yá, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tó ti gbàgbé epo. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, kò sì kọ oògùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni Mọ́níní ní lọ́dọ̀ Ọlọ́run: kó má mú Ṣúmékà lọ. Kò bèèrè ilé, kò bèèrè mọ́tò. Ṣúmékà nìkan.

Báyìí ni Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Àsìkò Bíbọ̀ Olúwa ṣe dé. Wọ́n ti fi aṣọ elésè àlùkò bo pẹpẹ, wọ́n tan àbẹ́là kan. Àlùfáà, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, Àlejò ń bọ̀. Ẹ palẹ̀ mọ́! Ẹ máa ṣọ́nà, kẹ́ ẹ sì palẹ̀ mọ́!"

Mọ́níní fi ìgúnpá gbún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláriwo, tí òun náà ń gbá títì kejì.

"Ṣé o gbọ́ yẹn? Èmi ni wọ́n ń bá wí. Lójoojúmọ́ ni mò ń palẹ̀ mọ́."

"Dákẹ́ jàre, jẹ́ ká gbọ́ ìwàásù. Bí Ọlọ́run bá ń wá agbálẹ̀, ṣé ìwọ ni yóò pè nígbà tí mo wà láyé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú ìborùn wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkùukùu bolẹ̀. Mọ́níní ti kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀ rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bá a pé wọ́n ti gbá ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo títì. Ojú ọ̀nà kékeré kan ni, tí kò fẹ̀ ju kí ẹnì kan gbà á kọjá lọ, láàárín gbùngbùn ewé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ díẹ̀, ó dúró.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè mọ ẹni tó bá òun ṣe é. Ipa ìgbálẹ̀ náà tẹ́jú, ó pẹ̀lẹ́, ó sì jọra wọn bí ẹni pé ọwọ́ tó gbá a kì í rẹ̀. Kò mọ ọwọ́ náà. Ó wá òkìtì ìdọ̀tí, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè gbálẹ̀ kó má ní òkìtì. Kò rí òkìtì. Ó yẹ inú gọ́tà wò, ó ṣí gbogbo ike ìdalẹ̀nù. Ewé tí wọ́n gbá dà? Kò sí ipasẹ̀ èèyàn kankan nínú eruku náà, kò sí ti ajá, kò sí ti ẹyẹ. Bó ṣe dúró níbẹ̀, ewé kan já láti òkè. Ó ń fì bọ̀, ó ń fì bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀ sójú ibi tí wọ́n gbá, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọmọ tó já lu àgbà lójú ọ̀nà.

Ó sáré wá Aláriwo lọ.

"Ìwọ lo bá mi gbá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi? Èmi tí mi ò tíì gbá tèmi tán? Mọ́níní, kí lo jẹ sùn?"

Lójúmọ́ kejì, ọ̀nà náà ti gùn sí i. Lójúmọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti kọjá ìdajì títì. Mọ́níní wá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi ní ìdájí, kó lè rí ẹni náà. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ: ṣáá, ṣáá, ṣáá, nínú ìkùukùu níwájú. Ó yọjú síbẹ̀, ìró náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú, ó ti padà síwájú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀nà náà ti dé oríta.

Ní oríta yẹn, ọ̀nà ọsibítù wà lápá ọ̀tún. Ká má purọ́, Mọ́níní gbàdúrà kó yà sí ọ̀tún. Aláìsàn pọ̀ níbẹ̀, ó ní, wọn ò ní ṣàì rí ẹni tí Àlejò tí wọ́n ń gbálẹ̀ dè yìí ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti yà sí òsì, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì, ó ti wọ ọ̀nà tóóró tiwọn.

Mọ́níní kò wọlé. Ọ̀dọ̀ àlùfáà ló gbà lọ, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá wa, Àlejò tẹ́ ẹ ní ó ń bọ̀ yìí, ṣé ó máa ń rán ẹni tó máa gbálẹ̀ ṣáájú?"

Àlùfáà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ọkàn ni mo ní ká palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ibi tí a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nínú wa."

"Mo gbọ́, sà. Tó bá wá dé, ṣé ó máa ń fún èèyàn ní nǹkan ni, àbí ó máa ń mú nǹkan lọ?"

Ẹ̀rín kúrò lójú àlùfáà. Ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ obìnrin náà, ó tún wo ojú rẹ̀. "Méjèèjì, màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Nígbà míì, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń ṣe é. Báwo ni Bàbá nílé?"

 Mọ́níní dúpẹ́, ó sì jáde.

Nígbà tó délé, ó bá Ṣúmékà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ó ti wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìyàwó.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Mò ń palẹ̀ mọ́ ni."

"Ẹ ń palẹ̀ kí ni mọ́?"

"Ṣebí ìwọ lo wá ròyìn ìwàásù fún mi? Àbí ẹ̀yin nìkan lẹ ní Olúwa ni?"

"Ẹ má fi irú èyí dápàárá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló ń dápàárá? Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ láàárọ̀. Ó ti ń sún mọ́ wa. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ ni, àfi ìgbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, tí o ṣì ń hanrun."

  Mọ́níní bọ́ ẹ̀wù funfun náà lọ́rùn ọkọ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń bọ́ ọ lọ́rùn ọmọdé, ó ká a sínú àpótí, ó sì jókòó lé àpótí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀ rẹ̀ padà wálé ní kíkún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn wọn, ó ń da ìdọ̀tí sílẹ̀: ewé jíjẹrà, bébà, èèpo, páálí, agolo. Ó fi ẹsẹ̀ tú u ká kí ibi kankan má bàa ṣófo. Aláriwo, tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wọn, yọrí lójú fèrèsé.

"Mọ́níní! Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ìwọ lò ń da ìdọ̀tí síta yìí?"

"Gbọ́ tìẹ."

"Yéè! Ológbò ti di agbàtọ́ eku! Màá pe ọ̀gá o!"

"Pè é. Kó gbé aga wá, kó jókòó wòran."

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó fojú kan wo ìta. Ìdọ̀tí rẹ̀ wà bó ṣe dà á. Ọ̀nà tí wọ́n gbá náà ti dé etí rẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀, géérégé. Kò wọnú ìdọ̀tí, kò padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ipasẹ̀ wà níbẹ̀ báyìí, fún ìgbà àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ méjì láìwọ bàtà, wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n kọjú sí ilé wọn. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni ipasẹ̀ náà ń jìn sí i, bíi ti ẹni tó ti dúró títí tí ilẹ̀ sì ń gbà á mọ́ra.

Mọ́níní dúpẹ́. Ó ní ẹni tó dúró síta kò tíì wọlé.

Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ yẹn ni ìyà Ṣúmékà ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọjọ́ díẹ̀, kò lè sùn, kò lè jẹun. Èémí á dé ọ̀nà ọ̀fun, á há síbẹ̀, kò ní jáde, kò ní padà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Mọ́níní gbé omi gbígbóná, ó fi òróró pa á láyà, ó gbé e jókòó, ó tún tẹ́ ẹ sílẹ̀, asán ni. Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ wá ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

"Mọ́níní," ló wí ní ìdájí ọjọ́ kan, nígbà tí èémí fún un láyè díẹ̀, "kí ló wà lójú ọ̀nà?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Àlejò mi ti dé ìta. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kí ló dé tí kò wọlé?"

Mọ́níní kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. "Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo dí ọ̀nà."

"O fi kí ni dí i?"

"Ìdọ̀tí."

Ṣúmékà wò ó. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dàpọ̀ mọ́ ikọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jù sílẹ̀. "Ìdọ̀tí! Ìwọ Mọ́níní! Ìwọ tí o máa ń nu ìsàlẹ̀ bàtà mi kí n tó wọlé! Áà, o mà fẹ́ràn mi o, ìyá ilé."

"Mo fẹ́ràn yín."

"Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, lọ gbá a fún mi. Ó ti rẹ̀ mí."

"Bí mo bá gbá a, èmi wá ńkọ́?"

"Á kí ìwọ náà. Ṣé ó ti lu ilẹ̀kùn wa látọjọ́ tó ti dúró? Ẹni tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe ọ́ ní ibi."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó ṣí àpótí, ó wọ ẹ̀wù funfun náà fún un padà, ó so bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Ó mú ìgbálẹ̀.

Ìkùukùu ti bolẹ̀ níta. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, kò sì kánjú. Ó gbá ewé, ó gbá bébà, ó fi ọwọ́ ṣa agolo. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí eruku, kò sì jẹ́ kó sọ lálá. Ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibi tí ipasẹ̀ méjì náà wà, ó gbọ́ èémí ẹnì kan lókè orí rẹ̀, ó rọra ń mí, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ tí kò sì bínú. Kò gbójú sókè. Ó gbá èyí tó kù. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o," ló wí. "Ẹ má bínú, ẹ ti dúró pẹ́. Ẹ máa wọlé."

Afẹ́fẹ́ kan kọjá lára rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ewé kankan kò mì. Ilẹ̀kùn tó ti fi sílẹ̀ gbayawu rọra padé fúnra rẹ̀.

Ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó sì gbé e kúrò. Ó ń gbọ́ ohùn Ṣúmékà nínú ilé. Ohùn náà já gaara, kò sí ikọ́ nínú rẹ̀. Ó ń sọ ìtàn kan fún ẹnì kan, ó sì ń fi ẹ̀rín pa á, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá a wá lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Mọ́níní fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó fi ìborùn bo ẹnu kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ nínú ilé.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Aláriwo jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tirẹ̀ ní èjìká, ó rí ilẹ̀ tó mọ́ láti oríta dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó sì fẹ́ pariwo. Ó wá rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mọ́níní, kí lò ń ṣe níta? Ṣé Bàbá ti jí?"

"Wọ́n ní àlejò," ni Mọ́níní wí. "Wá bá mi dúró, kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán."