Férémù Ò Lẹ́ṣẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ń sun ẹran ní Birchmere Park, ó sì fi pákó tí wọ́n kùn lọ́dà dáná. Òórùn ọ̀dà tó ń jó yẹn gbé mi padà sí bákónì wa ní Yarnton Way, nílùú òyìnbó níbí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ìyá àgbà òyìnbó kan tí Mummy ń tọ́jú fún un ní àwòrán kan: Màríà gbé Jésù lọ́wọ́, lórí pákó tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Pákó náà ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láyé. Férémù fàdákà rẹ̀ ni wọ́n ṣe kún un lẹ́yìn náà. Lálaalẹ́ ni Mummy máa ń fi ìka ra ẹsẹ̀ ọmọ inú àwòrán náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Pásítọ̀ ìjọ wa wá gbàdúrà fún wa. Bó ṣe rí àwòrán náà, ó fò sẹ́yìn.

"Sister, ẹ gbé òrìṣà wọlé!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, obìnrin tó gbé ọmọ lásán ni."

"Ẹ mú ìṣáná wá."

Ó rọra yọ férémù náà, ó fi áńkáṣíìfù nù ún. "Èyí ò lẹ́ṣẹ̀," ló wí, ó sì fi í sápò.

Ó dáná sun pákó náà ní bákónì. Mò ń retí kí èṣù fò jáde nínú iná. Èéfín nìkan ló jáde.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Mummy ti bí àbúrò mi kan ní òkú ṣáájú ìgbà yẹn, táwọn àgbà ìjọ ò sì jẹ́ kó gbé e lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé ọjọ́ iná náà, Pásítọ̀ dá férémù náà padà níwájú ìjọ, fọ́tò òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mummy kúnlẹ̀ gbà á, ó ń sunkún. Pásítọ̀ ní Ẹ̀mí ti bà lé e.