Màmá Tó Fọ Ẹsẹ̀ Ìyàwó



Ọmọ mi ṣègbéyàwó lónìí. Ó pè mí láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Inísà:
"Mọ́mì, màmá tó fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà ní kí n jẹun. Wọ́n ní ohun tó bá bàjẹ́ lónìí, kí n jẹ́ kó di ọ̀la."

Ohun tí ìyá ọkọ mi sọ sí mi létí gan-an nìyẹn ní Òkukù, lọ́dún 1991, nígbà tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ tèmi, tí mò ń sunkún torí òjò ba kéèkì mi jẹ́.
Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá ọkọ mi sì ti kú kí n tó bí ọmọ yìí.

Mo pe ìyá ọkọ rẹ̀, mo bi wọ́n pé ta ló fọ ẹsẹ̀ ọmọ mi. Wọ́n ní:
"A ò tíì fọ ẹsẹ̀ ìyàwó o. Wọ́n ṣì ń pọn omi."

Ọmọ mi ń jẹun, ọkàn ẹ̀ balẹ̀.
Ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n sọ fún un, àbí kí n jẹ́ kó di ọ̀la?