Ìjọba Abẹ́ Pẹpẹ Kòkó

Aago mẹ́ta ọ̀sán àná ni òórùn kòkó tí aládùúgbò mi ń sá wọlé bá mi. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rùn nígbà èwe wa lábẹ́ pẹpẹ tí bàbá wa ń sá kòkó sí, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti jọba lórí Ilẹ̀ Àìwọ̀.

Èmi nìkan ni ará ìlú. Àjèjì kò gbọdọ̀ wọlé, a kò gbọdọ̀ jáde, a kò sì gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

“Kábíyèsí, ebi ń pa mí.”

“Jẹ kòkó.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò bàbá wa obìnrin dé láti Ìkòrò. Àwọn àti ìyá wa wá wa títí. Nígbà tó sú wọn, àbúrò bàbá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, wọ́n kígbe ní ohùn Ìkòrò pé, “Ẹ kú ulé o!”

“Ẹ káàbọ̀ mà!” Kábíyèsí ti kúnlẹ̀, orí rẹ̀ sì gbá pẹpẹ gbàà.

“Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń wá! Jáde wá di ẹrù rẹ.”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún. Mo rò pé orí ló ń dùn ún. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé nítorí kí wọ́n má baà mú un lọ gbé ní Ìkòrò ló ṣe dá ìlú náà sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo wọ abẹ́ pẹpẹ, mo ṣí ẹnubodè sílẹ̀, mo sì jókòó dè é.